Ẹ Má Tíì Gbé Dùùrù Yẹn Lọ Sọ́dọ̀ Ẹnjiníà: Ìbéèrè Yín Lórí Tuning, Pẹ́dà àti Bọ́tìnnì

Ẹ kú ọyẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ojú ewé yìí l'Ábújá, ní Kàdúná, Kánò, Jọ́ọ̀sì, Mínnà àti káàkiri òkè Ọya. Lẹ́tà lórí dùùrù oníná ló pọ̀ jù lọ́tẹ̀ yìí, kò sì yà mí lẹ́nu, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀pọ̀ òbí ló ti ń ra èyí tó ní key 88 báyìí, òmíì tuntun, òmíì tòkunbọ̀ tí kì í bá ìwé manual wá. Mo ka gbogbo lẹ́tà náà tán, ohun tí mo rí ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìkankan níbẹ̀ tó jẹ́ pé dùùrù gan-an ló bàjẹ́. Ẹnì kan ló tẹ nǹkan kan, settings yí, kò sẹ́ni tó mọ̀, wọ́n wá ń tu owó jọ fún ẹnjiníà. Ẹ jọ̀ọ́, settings ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa. Láti bí oṣù kan báyìí, bá a bá ti bẹ̀rẹ̀ orin báyìí, ẹni tó ń fun trumpet á ní dùùrù ò bá òun mu, onígìtá náà á ní fóònù lòun fi tune gìtá òun, kì í ṣe òun ló ṣì í. Ẹnì kan ní kí n tẹ transpose, mo tẹ̀ ẹ́, ó tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé tuning àti transpose kì í ṣe nǹkan kan náà ni? (Olórin, Kubwa)

ÌDÁHÙN: Rárá o, wọn kì í ṣe nǹkan kan náà, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà yín wà. Transpose máa ń gbé gbogbo dùùrù sókè tàbí kó sọ ọ́ kalẹ̀ ní semitone (ìyẹn láti key kan sí èyí tó kàn án gan-an, funfun tàbí dúdú) kan, méjì, mẹ́ta, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá fi sí +1, tẹ́ ẹ wá tẹ C, C-sharp lẹ máa gbọ́. Tuning ní tiẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń sún un, díẹ̀ tí etí ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní mọ̀. Semitone kan, cent 100 ni wọ́n pín in sí. Tẹ́ ẹ bá sún A láti 440 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ sí 441, bíi cent 4 péré lẹ tíì rìn. Tó bá wá jẹ́ pé bíi cent 20 ni ẹ̀yin àti trumpet fi jìnnà síra yín, tẹ́ ẹ lọ tẹ transpose, cent 100 lẹ gbé lé e yẹn, báwo ni kò ṣe ní burú sí i?

Ibi tí 440 yẹn ti wá, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, torí á jẹ́ kẹ́ ẹ lè dá àwọn tó bá ń ṣe iyàn lóhùn. A tó wà lókè middle C ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n. Nígbà kan, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Faransé gbé tiwọn sí 435 lọ́dún 1859, ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1939 fẹnu kò sí 440, ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà ìwọ̀n kalẹ̀ fún gbogbo ayé, wá gbà á wọlé lọ́dún 1955. Ìdí nìyẹn tí dùùrù oníná fi ń jáde nínú páálí pẹ̀lú 440, tí tuner orí fóònù náà sì ń lo 440, àyàfi tẹ́nì kan bá ti lọ yí i. Àwọn kan sì ń yí i o! Wọ́n á ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé 432 ló ń wo ọkàn sàn, wọ́n á lọ fi tuner fóònù wọn sí 432, ìyẹn sì fi bíi cent 32 relẹ̀ sí tiyín. Ẹ kọ́kọ́ gba fóònù onígìtá yín wò ná.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá transpose padà sí 0. Ẹ mú ohùn piano lásán, kì í ṣe strings, kì í ṣe organ tó ń gbọ̀n, ẹ yọ chorus àti reverb (àwọn àfikún tó ń mú ohùn fẹ̀ tàbí kó máa dún padà) kúrò, ẹ tẹ A yẹn kẹ́ ẹ sì tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ gbé fóònù tí tuner wà nínú ẹ̀ sún mọ́ sípíkà. Tó bá ti kọ 440, dùùrù yín ò jẹ̀bi. Tó bá kọ 436 tàbí 445, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Lórí ọ̀pọ̀ dùùrù òde òní, ẹ lè sún un láti bíi 415 dé bíi 466, ìyẹn bíi semitone kan sísàlẹ̀, semitone kan sókè. Lórí èyí tí kò ní ojú ìwòran, bọ́tìnnì Function lẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ key tó ń ṣiṣẹ́ tuning, wọ́n sábà máa ń kọ lẹ́tà wínníwínní sókè key náà, ẹ tan iná fóònù sí i kẹ́ ẹ tó rí i. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́, òmíì á máa dún tí, tí, tí, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ó gbọ́. Lórí àwọn kan, tẹ́ ẹ bá tẹ ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa padà sí 440 fúnra ẹ̀. Èyí tó ní ojú ìwòran, ẹ wá Master Tune tàbí Tuning.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti trumpet. Àárọ̀ ọyẹ́ nìyí, afẹ́fẹ́ inú trumpet tutù, ohùn kì í sáré nínú afẹ́fẹ́ tútù bíi ti gbígbóná, torí náà trumpet á máa relẹ̀. Tó bá ti fun ún títí tí èémí ẹ̀ ti mú inú ẹ̀ gbóná, ohùn á gòkè. Tẹ́ ẹ bá wá tune dùùrù bá a ní aago méje àárọ̀, nígbà tí ìsìn bá fi gbóná, trumpet á ti gòkè fi yín sílẹ̀, ẹ ó tún máa yí i kiri láàárín orin. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí bọ̀dá yẹn fun trumpet ẹ̀ dáadáa ṣáájú ìsìn, kó wá fi páìpù tuning tó wà lára ẹ̀ wá yín wá, onísaxophone náà, kó ti ẹnu ẹ̀ wọlé tàbí kó fà á jáde díẹ̀ lórí kọ́ọ̀kì. Dùùrù ni kí gbogbo wọn bá lọ torí òun ni ojú ọjọ́ ò lè yí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbà pé kẹ́ ẹ sún dùùrù ni ìgbà tí ohun èlò kejì ò bá lè sún rárá, bíi accordion àtijọ́ tàbí agogo olóhùn tí wọ́n ti dà bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́.

Ẹ sì wò ó dáadáa bóyá key kan náà lẹ jọ ń tẹ̀. Trumpet tó wọ́pọ̀, B-flat ni, tó bá ní òun ń fun C, B-flat ni dùùrù yín máa gbọ́. Alto saxophone, C tiẹ̀ E-flat ni. Mo ti rí akọrin tí wọ́n bínú síra wọn lórí ìyẹn, tó sì jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló tọ̀nà.

Ní ti transpose fúnra ẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olórin wa ló ń fi ọwọ́ C nìkan tẹ gbogbo orin, tí transpose ń bá wọn gbé ìyókù. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀, torí ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ìyá kan á ti dá orin láti àga ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ tó wá key ẹ̀ wọ́n ti dé ẹsẹ kejì. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sí 0 kẹ́ ẹ tó dìde lórí àga. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lè jẹ́ ẹni tó mọ key mẹ́jìlá, á tẹ F, á gbọ́ A-flat, ojú á tì í níwájú ìjọ, kò sì ní mọ ohun tó ṣe òun. Kẹ́ ẹ sì máa fi F àti G kún ti C yín díẹ̀díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ orin ìyìn wa ló máa ń dùn láti kọ níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ra dùùrù oníná fún ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ọ̀tọ̀ ni mo ti ra pẹ́dà, ní Wuse. Tí kò bá fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, ohùn á máa fà lọ, tó bá wá tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Ẹni tó tà á ní kò sí nǹkan tó ṣe pẹ́dà òun, tí dùùrù ni kí n lọ wò. (Ìyá ọmọ, Gwarinpa)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú owó ọmọ. Ẹni tó tà á ò parọ́, dùùrù yín náà ò sì bàjẹ́. Pẹ́dà wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni iná inú ẹ̀ ń so pọ̀, òmíì sì wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ló ń já. Tí ti pẹ́dà bá yàtọ̀ sí ohun tí dùùrù ń retí, òdì ló máa ń ṣe, bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí gan-an.

Ẹ pa dùùrù. Ẹ ki jáàkì pẹ́dà náà wọlé dáadáa títí ẹ ó fi gbọ́ tó dún ká. Kí ọmọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ pátápátá, ẹ wá tan dùùrù. Ọ̀pọ̀ dùùrù ló jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá ń tàn án ló ń yẹ pẹ́dà wò, bó bá ṣe bá a lásìkò yẹn ló máa gbà pé "ẹsẹ̀ ò sí lórí ẹ̀ nìyí". Tí ọmọ bá ti gbé ẹsẹ̀ lé e kẹ́ ẹ tó tàn án, pẹ́dà tó tọ́ gan-an á ṣe òdì títí ẹ ó fi pa á. Nínú ilé tí ọmọ ti ń sáré jókòó kí ìyá ẹ̀ tó tan iná, èyí máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Tó bá ṣì ń ṣe òdì, ẹ dojú pẹ́dà náà dé, àwọn kan ní súìṣì kékeré lábẹ́ tẹ́ ẹ lè tì sápá kejì, nígbà tí dùùrù bá wà ní pípa ni kẹ́ ẹ tì í o. Tí kò bá sí súìṣì, ẹ wá Pedal Polarity nínú settings. Tí ìyẹn náà ò bá sí, ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á kó pààrọ̀ ẹ̀ sí irú èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe dùùrù yín dárúkọ, kò sí ẹni tó jẹ̀bi ẹnì kan, wọn ò kàn bá ara wọn mu ni.

Ẹ tún wo ihò tẹ́ ẹ kì í sí. Jáàkì pẹ́dà, 6.35 mm ni, bíi ti gìtá, ihò headphone ti ọ̀pọ̀ dùùrù náà sì tó bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ki pẹ́dà sí ihò headphone, sípíkà á dákẹ́ lójijì, ẹ̀rù á bà yín lásán. Ibi tí wọ́n bá kọ Sustain, Damper tàbí Pedal sí ni.

Ní báyìí, ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà yín ni pé ọmọ náà ti ń lo pẹ́dà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló kàn máa ń sọ fọ́mọ pé "tẹ̀ ẹ́", wọn ò ní sọ ìgbà tó yẹ kó gbé e. Ọmọ á wá tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, gbogbo ohùn á lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ jókòó tì í nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Gìgísẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀, iwájú ẹsẹ̀ nìkan ló ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ bá kan chord tuntun lẹ́sẹ̀ kan náà, ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ ń gbéra, kó wá tẹ̀ ẹ́ padà kí ọwọ́ tó kúrò. Ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ gòkè, ẹsẹ̀ tún sọ̀ kalẹ̀. Chord méjì péré ni kó máa fi ṣe é, C sí F, F sí C, jẹ́jẹ́, títí ohùn àkọ́kọ́ á fi kúrò pátá tí àlàfo ò sì ní sí láàárín wọn. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbàgbé mọ́. Tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá tíì tólẹ̀, ẹ wá àpótí onígi tó lágbára gbé pẹ́dà lé, ẹ má jẹ́ kó jókòó sí etí àga.

Tiles ilé yín á jẹ́ kí pẹ́dà máa sá síwájú. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kékeré sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi wáyà ẹ̀ lọ́ ẹsẹ̀ iduro dùùrù lẹ́ẹ̀kan. Pẹ́dà onígun mẹ́rin pẹlẹbẹ yẹn, tìtẹ̀ àti àìtẹ̀ nìkan ló mọ̀, ó tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Tó bá dàgbà tó fẹ́ máa jókòó ìdánwò orin ABRSM ní ìpele tó ga, ẹ máa wá èyí tó mọ ààbọ̀, tí wọ́n ń pè ní half-pedal, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé dùùrù náà gbà á.

ÌBÉÈRÈ: Key dùùrù ìjọ wa ń dún dáadáa, àmọ́ kò sí bọ́tìnnì tó ń ṣiṣẹ́ mọ́ yàtọ̀ sí èyí tá a fi ń tàn án. A ò lè kúrò lórí ohùn piano. Ẹnjiníà kan wò ó, ó ní pánẹ́ẹ̀lì ti jó, owó tó pè ju agbára wa lọ. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn. (Akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin, Sabon Gari, Kano)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ohun tẹ́ ẹ ṣàlàyé yìí jọ lock gan-an ni. Ọ̀pọ̀ dùùrù oníná ló ní ibi tí wọ́n ti ń ti bọ́tìnnì pa, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má bàa yí nǹkan padà nígbà tí wọ́n bá ń lò ó lọ́wọ́. Casio ń pè é ní Operation Lock, àwọn Roland kan ń pè é ní Panel Lock. Tó bá ti wà lórí lock, key á máa dún, bọ́tìnnì ò ní dá yín lóhùn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ nìyí. Tí bọ́tìnnì kan ṣoṣo bá kú, tàbí tó jẹ́ pé ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ gidi kó tó gbọ́, ìdọ̀tí tàbí eruku ló wọ abẹ́ ẹ̀, Kánò yín kúkú ni, ẹ mọ eruku ọyẹ́ ibẹ̀ jù mí lọ. Àmọ́ tí gbogbo bọ́tìnnì bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà, tí key, sípíkà àti iná sì ń ṣiṣẹ́ pérépéré, lock ni kí ọkàn yín kọ́kọ́ lọ sí. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnjiníà yẹn ò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé o, wáyà pẹlẹbẹ tó so pánẹ́ẹ̀lì mọ́ inú lè yọ, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń gbé e kiri nínú bọ́ọ̀sì lọ síbi ìsọjí. Àmọ́ ìyẹn gan-an kì í ṣe jíjó, kíkì í padà ni.

Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tàn án padà. Ẹ wò ó bóyá àwòrán àgádágodo tàbí kọ́kọ́rọ́ kékeré wà lára bọ́tìnnì kan tàbí lójú ìwòran, tó bá wà, ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Lórí àwọn míì, Function pẹ̀lú key kan ni. Ẹ dojú dùùrù náà dé lórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ńbà model ẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀ níbi tí wọ́n kọ vóltéèjì sí, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú "manual", ọ̀fẹ́ ni Casio, Yamaha àti Roland gbé tiwọn síbẹ̀. Wákàtí kan yẹn, tí ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ bá jókòó ka ìwé náà, ó lè gba gbogbo owó yẹn sílẹ̀. Factory reset ni kó gbẹ̀yìn, torí gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti tò sílẹ̀ ló máa nù, ẹ kọ wọ́n sórí ìwé ná.

Tí tiyín bá jẹ́ ìdàkejì, tó jẹ́ pé bọ́tìnnì ń tàn àmọ́ key ò dún, ẹ wo Local Control, ètò tó so key mọ́ ohùn inú dùùrù, ẹnì kan lè ti pa á nígbà tó ń fi kọ̀ǹpútà gba orin sílẹ̀. Tàbí kí ẹnu headphone kan ti já sínú ihò.

Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣí i, ẹ má kórìíra lock yẹn. Nǹkan gidi ni fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọdé á rìn kọjá nígbà àdúrà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, demo á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti bass, gbogbo ìjọ á yíjú sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ti to ohùn tán ṣáájú ìsìn, ẹ tì í pa. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, torí ó jọ pé ẹni tó ti tiyín pa ò sí nítòsí mọ́. Ẹ kọ ọ́ sórí pépà, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ dùùrù.

ÌBÉÈRÈ: Ní ilé ìwé wa ní Jos, ọdọọdún la máa ń pe ẹni tó ń tune dùùrù onígi wa lẹ́yìn ọyẹ́. A ti ra oníná báyìí. Ṣé òun náà nílò ẹ̀? (Olùkọ́ orin, Jos)

ÌDÁHÙN: Kò nílò ẹ̀ rárá, ẹ má sanwó ẹ̀. Dùùrù onígi ní okùn irin tó lé ní 200, igi pẹlẹbẹ ńlá kan sì wà lábẹ́ wọn tó máa ń wú lójò tó máa ń sún kì lọ́yẹ́, ìyẹn ló ń yí ohùn ẹ̀. Ti oníná, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, kò ní okùn, ọyẹ́ ò lè ṣe ohùn ẹ̀ ní nǹkan kan. Tó bá yí, ọwọ́ èèyàn ló yí i. Eruku nìkan ni kẹ́ ẹ bò ó fún, aṣọ rírọ̀ tẹ́ ẹ fi omi kàn díẹ̀ lẹ máa fi nu key, ẹ má lo spirit tàbí thinner. Tẹ́ ẹ bá sì gbé e wọlé láti inú òtútù Jọ́ọ̀sì yẹn, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ nínú yàrá kẹ́ ẹ tó tàn án, kí ìrì tó bá wà nínú ẹ̀ lè gbẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yunifásítì ni mí ní Minna, èmi ni mò ń tẹ dùùrù fún fellowship wa. Tí mo bá to touch (bí key ṣe ń gbọ́ agbára ọwọ́), tuning àti reverb tán, tí Nẹ́pà bá ti mú iná, gbogbo ẹ̀ á parẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, ó máa ń kú fúnra ẹ̀ tí pásítọ̀ bá ń wàásù lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti fẹ́ bàjẹ́. (Àbúrò yín, Minna)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Kíkú fúnra ẹ̀ yẹn, Auto Power Off ni. Lórí ọ̀pọ̀ dùùrù, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi sí ìṣẹ́jú 30: tẹ́nikẹ́ni ò bá ti fọwọ́ kàn án, á pa ara ẹ̀ kó má bàa jẹ iná. Ìwàásù wo ló ń parí ní ìṣẹ́jú 30 nínú fellowship? Wá Auto Off nínú settings kó o pa á. Lórí Yamaha P-45, key tó kángun sápá òsì lo máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó o tó tan dùùrù, ó ti pa á nìyẹn. Ṣọ́ra o, key tó kángun sápá ọ̀tún ní tiẹ̀, reset ló ń ṣe lórí dùùrù yẹn, gbogbo ohun tó o tò ló máa lọ.

Ní ti èyí tó ń parẹ́, ọ̀pọ̀ dùùrù kì í pa nǹkan mọ́ àfi tó o bá ní kó pa á mọ́. Roland ń pè é ní Memory Backup, Casio kan ní Auto Resume, wá irú ẹ̀ nínú tìẹ. Má jẹ́ kí iná kú nígbà tó bá ń pa á mọ́ lọ́wọ́, torí náà orí inverter ni kó o ti ṣe é, tàbí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ti dúró dáadáa. Àwọn settings kan sì wà tí dùùrù kékeré kì í pa mọ́ rárá, ìyẹn máa wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ: transpose 0, tuning 440, touch, ohùn tó o fi sí. Tí wọ́n bá fẹ́ yí láti Nẹ́pà sí jẹn, yọ adapter kúrò lára iná ná. Má sì yá adapter ẹlòmíì nítorí pé ẹnu ẹ̀ wọlé, wo vóltéèjì àti àmì róbótó méjì tó ní àròpọ̀ àti àyọkúrò lẹ́yìn ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára dùùrù mu. Adapter tí kò bá a mu lè jó dùùrù gidi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ settings mọ́ nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi fi kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sílẹ̀ fún mi, orin ìjọ àti jùjú. Mo fẹ́ máa tẹ̀lé wọn lórí dùùrù, àmọ́ orin yẹn á wà láàárín G àti A-flat, kì í bọ́ sí ibì kankan. Ṣé etí mi ni? Àti pé tá a bá fẹ́ fi gángan kún un ńkọ́? (Olólùfẹ́ orin, Lugbe)

ÌDÁHÙN: Etí yín dára gan-an ni. Ẹ̀rọ ló ń sáré jù tàbí tó ń fà jù, yálà èyí tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ tàbí èyí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ ọ. Tí kásẹ́ẹ̀tì bá fi ìdá 3 nínú 100 sáré ju bó ṣe yẹ lọ, ohùn á gòkè ní bíi cent 51, ìyẹn ìdajì semitone, A á di bíi 453. Òun ló ṣe wà láàárín.

Ibi tí tuning ti dùn jù lọ rèé. Ẹ wá ibi tí ohùn kan ti fà gùn nínú orin náà, bóyá fèrè tàbí bass, ẹ tẹ ohùn yẹn lórí dùùrù kí méjèèjì jọ máa dún. Tí wọn ò bá bá ara wọn mu, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń ṣe wàà-wàà-wàà. Tí wàà yẹn bá ń dún ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, Hz 3 ni wọ́n fi jìnnà síra. Ẹ máa sún tuning díẹ̀díẹ̀, tó bá ń yára sí i, ẹ padà sápá kejì, tó bá ń fà, ibẹ̀ lẹ̀ ń lọ, ẹ sún un títí wàà yẹn á fi dúró. Tó bá jù ìdajì semitone lọ, ẹ fi transpose sí +1 kẹ́ ẹ wá fi tuning sọ̀ kalẹ̀ bá a, ó yá ju kẹ́ ẹ máa gùn ún lọ láti ìsàlẹ̀.

Gángan ò ní yọ yín lẹ́nu. Kò ní ohùn kan tó dúró sí, onílù fúnra ẹ̀ ló ń fún ọsán ẹ̀ mọ́ apá tó ń tú u, á sì tẹ̀lé ohùn akọrin lọ síbi tó bá wà. Ẹ má yí dùùrù nítorí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí gìtá náà wà níbẹ̀, ó rọrùn kẹ́ ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì yẹn sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ fi áàpù tó ń yí ìyára padà mú un bọ́ sí 440, kí gbogbo yín lè jókòó tì í láìfọwọ́ kan tuning.